X-ray eyín: Ohun tó yẹ kí aláìsàn mọ̀ kó tó lanu fún ẹ̀rọ

Akokoro kì í sábà le lọ́sàn-án. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán, tí gbogbo ilé ti sùn, ni eyín tó ti ń ta ènìyàn díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì bí ìlù, tí ẹni tó ni ín yóò di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó ti fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, ó ti ki kànáfùrù bọ ibi tó ń dùn ún, ó ti gbé oògùn ara ríro mì, síbẹ̀ eyín kò gbọ́. Nígbà tó bá wá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín, tó la ẹnu, tí oníṣègùn fi iná àti dígí kékeré wò ó síwá sẹ́yìn, gbólóhùn kan ló máa ń bá a lójijì: "Ẹ lọ ya X-ray wá."

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní owó lásán ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn. Àwọn mìíràn á ní iná inú ẹ̀rọ náà máa ń fa jẹjẹrẹ, àwọn kò sì lè torí eyín kan ṣoṣo ba orí àwọn jẹ́. Aboyún á ní kí wọ́n má tilẹ̀ gbé e sún mọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni a rí àwọn tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ya gbogbo ẹnu àwọn, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀rọ náà ló ń wo àìsàn sàn.

Kò sí èyí tó tọ̀nà pátápátá nínú gbogbo èrò wọ̀nyí. Lóòótọ́, ewu kékeré kan wà nínú X-ray eyín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń fara gbá. Ibi tí wọ́n ti ń fara gbá jù ni kí wọ́n ṣiṣẹ́ sí eyín tí ẹnikẹ́ni kò rí ìdí rẹ̀, tàbí kí wọ́n ya àwòrán tí kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu aláìsàn kì í ṣe "Ṣé kò ní pa mí lára?" bí kò ṣe "Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀?"

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí á mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ eyín. Apá tó yọ sókè tí a fi ń rẹ́rìn-ín kò tó ìdajì eyín. Gbòǹgbò, tó gùn jù ú lọ, wà nínú egungun, níbi tí ojú kò dé. Àárín eyín méjì tó fara kanra náà ò ṣeé wò. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní èèjì, oníṣègùn lè fi ojú lásán rí ẹ̀gbẹ́ eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ fún mọ́ra wọn débi pé dígí kò lè wọ àárín wọn. Pákò tó dára lè fọ ojú eyín mọ́ tónítóní, kò lè dé ibẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni eyín ti máa ń jẹrà láìsọ fún ẹnìkan, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá jẹ egungun tàbí gúgúrú, tí eyín náà ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni yóò tó mọ̀ pé inú rẹ̀ ti dòfo.

Ohun tí ẹ̀rọ X-ray ń ṣe kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ìtànṣán tí ojú kò rí ni ó ń tú jáde. Ìtànṣán yìí máa ń la ẹran ara kọjá, ṣùgbọ́n egungun àti eyín máa ń dí i lọ́nà. Níbi tó bá ti kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, àwòrán á dúdú. Níbi tó bá ti kọ lu ohun líle, á funfun. Èèpo òde eyín ni ohun tó le jù lọ nínú ara ènìyàn, nítorí náà ó máa ń funfun gan-an nínú àwòrán, eyín tí wọ́n sì ti fi irin dí á tún funfun jù ú lọ. Ibi tí eyín ti jẹrà á hàn bí àbàwọ́n dúdú. Bí àìsàn bá ti la inú eyín kọjá, tó ti bá gbòǹgbò dé inú egungun, ojú ibẹ̀ á ṣú roboto ní ìsàlẹ̀ gbòǹgbò náà. Bí egungun tó di eyín mú bá sì ti ń jẹ lọ sísàlẹ̀ nítorí àìsàn ẹran ìdí eyín, àwòrán yóò fi hàn bó ṣe lọ sísàlẹ̀ tó.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Wilhelm Röntgen, ló ṣàkíyèsí ìtànṣán yìí ní ìlú Würzburg ní ọjọ́ 8, oṣù kọkànlá, ọdún 1895. Kò mọ ohun tó jẹ́, ìdí nìyẹn tó fi fún un ní X, ìyẹn lẹ́tà tí àwọn oníṣirò máa ń lò fún ohun tí a kò mọ̀. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì, lọ́dún 1901. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí oníṣègùn eyín ọmọ Jámánì mìíràn, Otto Walkhoff, fi ya eyín ara rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1896. Ìṣẹ́jú 25 ló fi jókòó, tó la ẹnu sílẹ̀, tí ìtànṣán ń lu ú. Lónìí, ohun tó gba Walkhoff ní ìṣẹ́jú 25 yẹn kì í gba ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀rọ̀ ìtàn yìí ló máa jẹ́ kí á lóye ohun kan tó máa ń bí àwọn aláìsàn nínú. Òṣìṣẹ́ á tò wọ́n sórí àga, á ki nǹkan bọ̀ wọ́n lẹ́nu, á ní kí wọ́n má mira, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ á sá jáde, á pa ilẹ̀kùn dé. Aláìsàn á wá máa rò ó pé bí nǹkan yìí bá dára ni, kí ló ń lé e? Oníṣègùn eyín kan wà ní ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ C. Edmund Kells. Ọ̀kan pàtàkì ló jẹ́ nínú àwọn tó kọ́kọ́ lo X-ray fún eyín nílẹ̀ náà láti ọdún 1896. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń di nǹkan tí wọ́n ń ya àwòrán sí mú, ọwọ́ ara rẹ̀ náà ló sì fi ń dán ẹ̀rọ wò kó tó lò ó, fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí nígbà náà kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó léwu. Jẹjẹrẹ mú un lọ́wọ́. Wọ́n gé ìka rẹ̀, wọ́n gé ọwọ́, wọ́n gé apá, ìrora kò sì tán, títí tó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́dún 1928. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kọ́gbọ́n níbẹ̀. Aláìsàn tó wá ya eyín lónìí lè má tún yà á mọ́ títí ọdún kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ náà lè tẹ̀ ẹ́ lógún ìgbà lóòjọ́, lójoojúmọ́, títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Bí òun náà bá dúró síbẹ̀ nígbà gbogbo, gbogbo díẹ̀díẹ̀ yẹn ni yóò jọ sí i lára. Ìdí tó fi ń bọ́ síta nìyẹn.

Báwo wá ni èyí tí aláìsàn ń gbà ṣe pọ̀ tó? Ìtànṣán kì í ṣe àlejò sí ara wa. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, àpáta, oúnjẹ, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, títí kan ojú sánmà, gbogbo wọn ló ń tú díẹ̀ jáde lójoojúmọ́. Microsievert ni orúkọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tó ń wọ ara. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí ṣírò rẹ̀ pé, bí a bá kó gbogbo ayé pọ̀, ohun tí ẹnìkan ń gbà lára ilẹ̀ àti ojú ọ̀run láàrin ọdún kan jẹ́ nǹkan bí 2,400 microsievert. Bí a bá pín in sí ọjọ́, ó lé díẹ̀ ní 6 lóòjọ́. Àwòrán kékeré kan tí wọ́n yà nínú ẹnu kì í sábà kọjá 10, bí ẹ̀rọ bá sì jẹ́ ti ìgbàlódé, ó lè má dé 5. Ìyẹn ni pé ohun tí àwòrán kan fi sí ènìyàn lára kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ilẹ̀ àti sánmà yóò fi sí i lára láàrin àárọ̀ sí àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kì í ṣe òfo, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òfo ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tìtorí rẹ̀ gbé eyín tó ti lọ́yún kiri, ewu tó gbé sẹ́nu ju èyí tó ń sá fún lọ fíìfíì.

Kì í ṣe àwòrán kan náà ni gbogbo X-ray eyín, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì nítorí owó àti ìtànṣán. Àwọn kékeré ni wọ́n ń ki ohun pẹlẹbẹ kan bọ ẹnu fún. Nínú wọn, ọ̀kan wà tí aláìsàn máa ń fi eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ gé mọ́lẹ̀. Àárín eyín àti bí egungun ṣe ga tó ni wọ́n fi ń wò. Èkejì máa ń gba eyín kan tàbí méjì láti orí dé ìdí gbòǹgbò. Òun ni wọ́n sábà ń yà fún eyín tó ń ro ènìyàn, òun náà ni wọ́n sì ń yà ní àyàtúnyà nígbà tí wọ́n bá ń fọ inú gbòǹgbò eyín láti gbà á là kí wọ́n má yọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí wọ́n bá ya èyí tó tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún eyín kan ṣoṣo lákòókò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wò ó bóyá ohun èlò àwọn ti dé ìsàlẹ̀ gbòǹgbò láìkọjá rẹ̀ ni.

Èyí tó tóbi ni wọ́n ń pè ní OPG. Ìdúró ni aláìsàn sábà máa ń wà, á fi eyín iwájú di igi pẹlẹbẹ kékeré kan mú, ẹ̀rọ á sì yí orí rẹ̀ ká fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20. Gbogbo eyín àti egungun àgbọ̀n láti etí dé etí ló máa ń jáde sínú àwòrán kan. Ìtànṣán rẹ̀ máa ń wà láàrin 10 sí 25 microsievert. Ó dára fún wíwo egungun, àmọ́ kò ríran kedere tó àwọn kékeré bó bá kan ihò tíńtín láàrin eyín. Ẹ̀kẹta ni CBCT, tó ń fi kọ̀ǹpútà gbé àwòrán jáde lọ́nà tí oníṣègùn fi lè yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni gbé egungun lọ́wọ́. Tirẹ̀ lè jẹ́ 50, ó lè jẹ́ 500, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dá lórí ẹ̀rọ àti bí ibi tí wọ́n fẹ́ wò ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tó fẹ́ fi eyín àtọwọ́dá gún inú egungun lè nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹni tó kàn wá kí wọ́n bá òun wo ẹnu kò nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá ní dandan ni, kí ó béèrè ìdí.

Ọ̀rọ̀ eyín yíyọ ni a ó dúró lé díẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni àwòrán ti sábà máa ń gba ènìyàn là. Eyín ìkẹyìn, tó máa ń hù láàrin ọdún 17 sí 25, kì í rí àyè tó nínú àgbọ̀n ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó lè dùbúlẹ̀, ó lè kọjú sí eyín iwájú rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì lè tẹ̀ bí ìkọ́. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, nínú egungun, ni iṣan kan gbà kọjá tó ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n mọ̀ pé nǹkan kàn án. Oníṣègùn tí kò bá rí bí gbòǹgbò ṣe sún mọ́ iṣan yìí kó tó ki irin bọ ibẹ̀, ojú àdìpọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí iṣan náà bá fara pa, ètè ẹni náà á kú tipiri. Ó lè jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì lè jẹ́ títí ayé, tí tíì gbígbóná á máa jó o lẹ́nu láìmọ̀. Ní òkè náà, gbòǹgbò àwọn eyín ẹ̀yìn sún mọ́ ihò òfìfo tó wà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ó sì ti ṣẹlẹ̀ pé wọ́n yọ eyín tán, tí omi tí aláìsàn mu ń gba imú jáde. Kì í ṣe gbogbo eyín tó ti ń mì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ya àwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n eyín ìkẹyìn tó ṣì wà nínú egungun, ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ láìwo àwòrán, ẹ bọ́ sílẹ̀ lórí àga rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kì í ro ènìyàn rárá, tó sì burú ju akokoro lọ. Ìwú kan ni, tó máa ń hù nínú egungun àgbọ̀n, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ameloblastoma. Òun ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ìwú tó ń ti ara ohun tó di eyín wá, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá ní Nàìjíríà ṣe fi hàn láti ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà ló sì ń mú nínú wọn. Jẹ́jẹ́ ló ń dàgbà. Nítorí pé kò dùn, ẹni tó ni ín á máa fi àgbo àti ìpara pa á, wọn á ní afẹ́fẹ́ ló kó sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, tàbí pé ọwọ́ ayé ni, títí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi yọ gọǹgọ̀, tí eyín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn tó sì ń dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tó jẹ́ pé apá ńlá nínú egungun àgbọ̀n ni wọ́n gbọ́dọ̀ gé kúrò, kò kéré. OPG kan ṣoṣo lè fi ojú rẹ̀ hàn nígbà tó ṣì kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ní láti gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó lè dá orúkọ rẹ̀ mọ̀ dájú. Nítorí náà, ìwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, dídùn tàbí àìdùn, kì í ṣe ohun tí à ń fi ìpara pa.

Ní ti àwọn aboyún, ìbẹ̀rù wọn yéni, ṣùgbọ́n ó ti pa àwọn kan lára ju X-ray lọ. Ẹnu ni ìtànṣán kọjú sí, kò kọjú sí inú. Èyí tó ń dé ibi tí ọmọ wà kéré débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé díwọ̀n. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn aboyún ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ gbangba lọ́dún 2013 pé kò séwu nínú yíya X-ray eyín àti títọ́jú eyín nígbà oyún. Ohun tó léwu ni eyín tó lọ́yún tí wọ́n fi sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìbímọ. Ọyún eyín ẹ̀yìn lè sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n, kí ọrùn wú, kí ahọ́n ga sókè, kí ọ̀nà èémí sì dí láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Ìyá àti ọmọ ni irú rẹ̀ lè mú lọ. Kí aboyún kọ́kọ́ sọ fún oníṣègùn pé òun lóyún, tàbí pé nǹkan oṣù òun ti pẹ́. Bí àwòrán náà bá jẹ́ ti àyẹ̀wò lásán, wọ́n lè sún un síwájú. Bí eyín bá ń dùn ún tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, kí ó jẹ́ kí wọ́n yà á.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí yóò rántí aṣọ òjé wíwúwo tí wọ́n máa ń gbé lé àyà àti ọrùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí wọ́n kò bá fún ní aṣọ yìí á rò pé wọ́n ti fi ẹ̀mí òun ṣeré. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé kò pọn dandan mọ́ láti máa lò ó fún X-ray eyín, àti èyí tó wà fún àyà àti èyí tó ń bo ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ lọ́rùn, ìbáà ṣe fún ọmọdé tàbí aboyún. Ìdí ni pé ìtànṣán tó ń fọ́n ká láti inú ẹ̀rọ òde òní kò tó nǹkan, aṣọ náà sì máa ń dí àwòrán lọ́nà nígbà mìíràn, tí wọ́n á fi ní láti tún un yà. Ohun tó ń dáàbò bo aláìsàn ní tòótọ́ ni ẹnu ẹ̀rọ tó ní igun mẹ́rin tí kò jẹ́ kí ìtànṣán kọjá ibi tí wọ́n fẹ́ wò, ohun èlò tó ń gbé àwòrán lọ sínú kọ̀ǹpútà dípò fíìmù, àti òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ tí kì í yà á lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ìwòsàn tó bá ṣì ń fúnni ní aṣọ òjé kò ṣẹ̀. Èyí tí kò fúnni kò ṣẹ̀ bákan náà.

Ara ọmọdé ń dàgbà lọ́wọ́, ìtànṣán kan náà sì lè ṣe é ju àgbàlagbà lọ. Nítorí èyí, ìdí gbọ́dọ̀ dájú kí wọ́n tó ya ọmọ. Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà ò lè jókòó jẹ́ẹ́, òbí kan lè dì í mú, kí wọ́n sì fún òbí náà ní aṣọ ààbò wọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá tó lóyún.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tó ń ba àwòrán jẹ́, tí aláìsàn lè fúnra rẹ̀ mójú tó. Yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, awò ojú, eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ, píìnì orí, títí dé èyí tí wọ́n fi gún gèlè: gbogbo wọn ni kí ẹ yọ, àgàgà bó bá jẹ́ OPG. Yẹtí kan ṣoṣo lè bọ́ sórí àwòrán bí òjìji funfun, kó sì bo ibi tí oníṣègùn ń wá. Bí ohun tí wọ́n ki bọ ẹnu bá ń mú yín fẹ́ bì, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa gba imú mí. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ eyín iwájú kí ara yín kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ìmira díẹ̀ ti tó láti sọ iṣẹ́ di àtúnṣe, àtúnṣe ni ìtànṣán ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Lórí iye ìgbà tó yẹ kí ènìyàn ya X-ray, kò sí iye kan fún gbogbo ènìyàn. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2012 sọ pé àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ kì í jẹrà lè lo oṣù 24 sí 36 kí wọ́n tó tún ya àárín eyín rẹ̀, nígbà tí ẹni tí eyín rẹ̀ ń jẹrà léraléra lè nílò rẹ̀ láàrin oṣù 6 sí 18. Ilé ìwòsàn tó bá ń ya gbogbo ẹni tó wọlé kí oníṣègùn tó wo ẹnu wọn rárá, owó ló ń wá. Kí á sì rántí pé àwòrán kì í rí gbogbo nǹkan. Eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹrà, eyín tó là tẹ́ẹ́rẹ́, àti ọyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú egungun lè má hàn. Oníṣègùn tó dára á fi ọwọ́ kan eyín, á fi ohun tútù dán an wò, á bi yín léèrè, kí ó tó gba ohun tó wà nínú àwòrán gbọ́.

Ní Nàìjíríà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìtànṣán ni Nigerian Nuclear Regulatory Authority, tí òfin ọdún 1995 dá sílẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2001. Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ X-ray gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe àfojúdi láti béèrè bóyá wọ́n ní in. Òfin mìíràn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014. Abala 23 rẹ̀ sọ pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé irú àyẹ̀wò tó wà, àǹfààní, ewu àti iye owó rẹ̀, àti pé aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́. Ó tún fi kún un pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ ní èdè tí aláìsàn gbọ́, kí ó sì wo bí ìwé tó kà ṣe mọ. Ìyá arúgbó tí wọ́n ń fi èdè òyìnbó bá sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn nílẹ̀ Yorùbá, tó ń mi orí lásán, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí wọ́n fi Yorùbá yé òun. Fún àwọn ènìyàn wa tó wà ní ìlú Ọba, òfin tó dé bá X-ray níbẹ̀ lọ́dún 2017 sọ pé ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ rí ìdí fún gbogbo àwòrán kí wọ́n tó yà á, kí wọ́n sì sọ àǹfààní àti ewu rẹ̀ fún aláìsàn.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké, oníṣègùn eyín lè wà kí ẹ̀rọ má sí, wọ́n á sì ní kí aláìsàn lọ yà á níbòmíràn, tàbí kí wọ́n darí rẹ̀ sí UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀. Ẹ gba ìwé tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ wò gan-an, kí wọ́n má bàa ya èyí tí wọn kò rán yín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti yà á, ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀, kí orúkọ àti ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Àwòrán tí ènìyàn fi fóònù yà láti ojú kọ̀ǹpútà, tó wá fi WhatsApp ránṣẹ́, máa ń sọ ohun tíńtín tí oníṣègùn ń wá nù. Fíìmù ni kí ẹ fi sínú àpòòwé, kí ẹ má fi í sí ibi tí oòrùn tàbí ọ̀rinrin ti lè bà á jẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, ẹ gbé e dání, kí ẹ sì fi hàn wọ́n kí wọ́n tó ní kí ẹ ya òmíràn.